Àwòrán PET àti àmì ìwúlé inú ẹ̀jẹ̀: báwo ni a ṣe lè fi wọ́n mọ ibi tí lymphoma ń lọ?

ỌmọBàbá_Peckham

Mo kí gbogbo ilé. Bàbá mi jẹ́ ẹni ọdún 67. Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n bí wọn sí, ṣùgbọ́n London ni wọ́n ti ń gbé láti ọdún 1989. Ní oṣù tó kọjá ni àwọn dókítà sọ fún wa pé irú lymphoma, jẹjẹrẹ àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n ń pè ní diffuse large B-cell ló ń ṣe wọ́n. Kókó kan ló kọ́kọ́ yọ lábẹ́ apá òsì wọn, tí wọ́n sì rò pé oówo lásán ni, títí tí òógùn òru fi bẹ̀rẹ̀ sí í rin aṣọ ìbùsùn wọn gbingbin.

Ní ọjọ́ tí a lọ gbọ́ èsì, dókítà yí ojú kọ̀ǹpútà sí wa, ó sì fi àwòrán PET hàn wá. Ara bàbá mi rí bí òjìji aláwọ̀ eérú, ọpọlọ àti àpòòtọ̀ wọn dúdú bí èédú, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn kókó kan dúdú ní ọrùn, ní abẹ́ apá àti ní ẹ̀yìn ikùn. Ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé tí a mú relé ni pé àìsàn náà wà ní ìpele kẹta, pé MTV jẹ́ mílílítà 410, pé CRP jẹ́ 64, pé LDH, èròjà tí sẹ́ẹ̀lì tí ó bá fọ́ ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, ga, pé neutrophil jẹ́ 3.4, lymphocyte sì jẹ́ 1.1, oríṣi sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ni méjèèjì. Dókítà ní iye neutrophil wọn wà ní ibi tí ó yẹ kí ó wà. Èyí yà mí lẹ́nu díẹ̀, nítorí pé láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni àwọn dókítà àdúgbò wa ti máa ń sọ pé neutrophil bàbá kéré jù.

Ìbéèrè mi ni pé, kí ni àwòrán rí tí ẹ̀jẹ̀ kò rí, kí sì ni ẹ̀jẹ̀ mọ̀ tí àwòrán kò mọ̀? Ṣé a lè tipa méjèèjì mọ bí ìtọ́jú náà yóò ṣe rí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ wà nínú iṣẹ́ náà, ẹ là mí lọ́yẹ.

Ayàwòrán_Houston

Àbúrò mi, Ọlọ́run yóò fún bàbá ní àlàáfíà. Iṣẹ́ àwòrán yìí ni mo ń jẹ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó dúdú yẹn. Ṣúgà ni ẹ rí. Kí bàbá tó wọ inú ẹ̀rọ, wọ́n á ti wà láìjẹun fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà, lẹ́yìn náà ni wọ́n á gún wọn ní abẹ́rẹ́ FDG, èyí tí í ṣe ṣúgà tí a so fluorine-18 mọ́, tí agbára ìtànṣán rẹ̀ ń dín kù sí ìdajì ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 110. Wọ́n á wá jókòó jẹ́ẹ́ fún wákàtí kan. Èmi máa ń fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo àwọn àgbà ní àkókò yìí, kì í sì í ṣe nítorí ìtọ́jú àlejò nìkan, bí kò ṣe pé bí òtútù bá mú ènìyàn, irú ọ̀rá kan wà ní ọrùn àti èjìká tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jó ṣúgà láti mú ara gbóná, tí yóò sì dúdú nínú àwòrán gẹ́gẹ́ bí kókó àìsàn.

Láti ìgbà tí Otto Warburg ti ṣe ìwádìí rẹ̀ ní Jámánì ní àwọn ọdún 1920 ni a ti mọ̀ pé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ a máa jẹ ṣúgà ní àjẹjù. Nígbà tí wọ́n bá gbé FDG mì, wọn kò lè dà á tán, ibẹ̀ ni yóò há sí, ẹ̀rọ yóò sì rí i. Ti ọpọlọ kò jọni lójú, ṣúgà ni oúnjẹ rẹ̀ láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Àpòòtọ̀ sì dúdú nítorí pé inú ìtọ̀ ni èyí tí ó ṣẹ́kù ń bá jáde.

Ọ̀rọ̀ MTV ni ó yẹ kí a dúró lé lórí. Ìpele kẹta tí wọ́n kọ sínú ìwé kò sọ ju pé kókó wà lókè àti nísàlẹ̀ awọ ẹran tí ó pààlà àyà àti ikùn. Ẹni méjì lè wà ní ìpele kẹta, kí àpapọ̀ àìsàn ti ọ̀kan má ju ìwọ̀n ẹyin adìyẹ kan lọ, kí ti èkejì sì kún abọ́. MTV ni ó ń sọ ìyàtọ̀ yẹn, nítorí pé gbogbo ibi tí àìsàn ti ń jẹ ṣúgà ni wọ́n wọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan tí wọ́n sì rò pọ̀. Mílílítà 410 fi díẹ̀ ju ìgò ẹlẹ́rìndòdò 35cl lọ. Láti ọdún 1993 ni àwọn dókítà ti ń lo òṣùwọ̀n IPI, tí ó ń ka ọjọ́ orí tí ó bá ju 60 lọ, LDH tí ó ga, ìpele àìsàn, bí aláìsàn ṣe lágbára sí láti dá nǹkan ṣe, àti iye ibi tí àìsàn ti jáde kúrò nínú kókó. Ní ọdún 2022, àwọn onímọ̀ tí wọ́n kó àwòrán àwọn aláìsàn tí ó lé ní 1,200 jọ gbé òṣùwọ̀n mìíràn jáde, IMPI, tí kò ka nǹkan mìíràn ju MTV, ọjọ́ orí àti ìpele lọ, ó sì ya àwọn tí ewu wọn pọ̀ sọ́tọ̀ ju IPI lọ. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni pé kò fa ìlà kan sílẹ̀ kí ó ní ẹni tí ó bá kọjá ibẹ̀ ti kọjá, iye tí MTV jẹ́ gan-an ni ó ń bá ṣírò.

Àmọ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n o. Àwọn kan ń ka gbogbo ibi tí agbára ṣúgà rẹ̀ dé 4.0 sókè, àwọn mìíràn ń ka ibi tí ó dé ìpín 41 nínú 100 ti ibi tí ó dúdú jù nínú kókó náà. Àwòrán kan náà lè mú iye méjì tí ó jìnnà síra jáde. Ẹ má fi 410 ti bàbá wé iye inú ìwé ìwádìí kankan títí ẹ ó fi mọ èyí tí wọ́n lò.

Láàbù_Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Mo fẹ́ gbé ti ẹ̀jẹ̀, nítorí pé ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ ọmọ bàbá wa yìí tí kò jẹ́ kí n lè sùn.

CRP ni kí n kọ́kọ́ sọ. Ẹ̀dọ̀ ní ń ṣe é, nígbà tí ó bá gbọ́ ìròyìn interleukin-6, òjíṣẹ́ tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ń rán síra, pé ogun wà nínú ara. Nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ń ṣe ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní New York ní ọdún 1930, nítorí náà kì í ṣe ohun tí a dá fún jẹjẹrẹ. Nínú lymphoma, sẹ́ẹ̀lì àìsàn àti àwọn sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n yí i ká ń tú interleukin-6 jáde, ìdí sì nìyí tí CRP fi máa ń ga, tí òógùn òru fi máa ń dà, tí ènìyàn fi ń rù. Nínú irú tí Thomas Hodgkin kọ̀wé nípa rẹ̀ ní London ní ọdún 1832, ọ̀rọ̀ náà tún hàn kedere jù bẹ́ẹ̀ lọ. Sẹ́ẹ̀lì Reed-Sternberg tí ó jẹ́ àìsàn gan-an kì í sábà ju nǹkan bí ẹyọ kan nínú 100 lọ nínú kókó náà, gbogbo ìyókù jẹ́ sẹ́ẹ̀lì ara ẹni tí ó sáré wá síbi ogun. Ẹ ò rí i pé nínú irú kókó bẹ́ẹ̀, ìwúlé gan-an ló pọ̀ jù nínú ohun tí à ń fọwọ́ bà.

Èyí ni ohun tí ẹ̀jẹ̀ mọ̀ tí àwòrán kò mọ̀: àwòrán ń sọ bí àìsàn ti pọ̀ tó àti ibi tí ó wà, ẹ̀jẹ̀ ń sọ ohun tí àìsàn ń fi ojú ara rí. Ẹni méjì lè ní MTV kan náà kí CRP ọ̀kan jẹ́ 4, kí ti èkejì jẹ́ 120, ẹni kejì yìí ni àárẹ̀ ti ń mú kí kẹ́mò tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n èéfín ni CRP, kò sọ ilé tí iná ti ń jó. Ibà lè gbé e sókè, eyín tí ó ní ọyún lè gbé e sókè. Àwa tí a wà ní Ìbàdàn mọ èyí dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n wá sí ibi tí ó ká mi lára. Àwọn onímọ̀ máa ń fi lymphocyte pín neutrophil, bí èsì bá sì ti ga jù, wọ́n á ní ìwúlé pọ̀ nínú ara, wọ́n á sì ka aláìsàn náà mọ́ àwọn tí nǹkan lè le fún. 3.4 tí a bá fi 1.1 pín jẹ́ nǹkan bíi 3.1, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Yúróòpù ni yóò sì ka èyí sí ohun tí ó ga díẹ̀ lásán. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn ta ni wọ́n ti fa ààlà wọ̀nyẹn? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo Yorùbá ni kò ní àmì Duffy lára sẹ́ẹ̀lì pupa ẹ̀jẹ̀ wọn. Ìdí rẹ̀ ni ìyípadà kan nínú àbùdá tí ó dáàbò bo àwọn baba ńlá wa lọ́wọ́ irú ibà kan, vivax, àwọn àpẹẹrẹ àbùdá tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn Yorùbá ní Ìbàdàn fún HapMap, iṣẹ́ ìwádìí àbùdá àgbáyé, sì wà lára ibi tí ó ti hàn kedere. Ìyípadà yìí kan náà ni ó ń jẹ́ kí neutrophil tí ń rìn nínú ẹ̀jẹ̀ wa kéré ju ti àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Kì í ṣe àìsàn, ara sì lè jà bí ó ti yẹ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá èsì ẹ̀jẹ̀ bàbá ti àtijọ́ jáde. Bí wọ́n bá ti máa ń ní 1.6 nígbà tí ara wọn dá, a jẹ́ pé 3.4 kì í ṣe iye tí ó wà ní ibi tí ó yẹ, ó ti di ìlọ́po méjì ohun tí í ṣe tiwọn.

Bàbá_Ṣeun

Ẹ má bínú sí mi, mo mọ̀ pé ìmọ̀ pọ̀ níbí. Àbúrò ìyá mi lọ ní ọdún méjì sẹ́yìn, àìsàn yìí kan náà ni. Wọ́n ya àwòrán, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀, wọ́n sọ fún wa pé ewu rẹ̀ pọ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n fún un ní oògùn tí wọ́n ń fún gbogbo ènìyàn, R-CHOP. Kí ni àsọtẹ́lẹ̀ náà wúlò fún nígbà náà, yàtọ̀ sí pé ó fi ìbẹ̀rù kún ti ara rẹ̀? Mo fẹ́ kí ẹnìkan dá mi lóhùn tọkàntọkàn.

Onímọ̀Ẹ̀jẹ̀_Ìkòròdú

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, sà. Ìbéèrè yín tọ́, n kò sì ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó.

Nínú irú tí àbúrò ìyá yín ní, àwọn onímọ̀ Jámánì gbìyànjú ohun tí ẹ ń sọ yìí gan-an, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2018 pẹ̀lú orúkọ PETAL. Wọ́n ya àwòrán lẹ́yìn kẹ́mò ẹlẹ́ẹ̀kejì, àwọn tí àwòrán wọn kò sunwọ̀n ni wọ́n sì pín sí ọ̀nà méjì, apá kan ń bá R-CHOP lọ, apá kejì gba oògùn líle tí a ń lò fún lymphoma Burkitt. Oògùn líle náà kò gba ẹ̀mí là jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyà ara ni ó fi kún un. Àwòrán sọ òtítọ́ pé ewu wà, ṣùgbọ́n ọwọ́ wa kò tíì ní ohun tí ó dára ju èyí tí à ń lò lọ nígbà náà. Ó dùn mí bí ó ṣe dùn yín.

Nínú ti Hodgkin, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ pátápátá. Ìwádìí RATHL tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2016 ya àwòrán lẹ́yìn kẹ́mò ABVD ẹlẹ́ẹ̀kejì, wọ́n sì yọ bleomycin, oògùn tí ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, kúrò fún ìdajì àwọn tí àwòrán wọn mọ́. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, 85.7 nínú 100 àwọn tí wọ́n gba oògùn náà títí dé òpin ni àìsàn kò padà sí lára, àwọn tí wọ́n yọ ọ́ fún sì jẹ́ 84.4. Ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan, ẹ̀dọ̀fóró sì bọ́ lọ́wọ́ ewu. Àwòrán ni ó jẹ́ kí a ní ìgboyà láti dín oògùn kù.

Ibì kan tún wà tí àmì ìwúlé ti ń ṣiṣẹ́ lójú mi kòrókòró. Àwọn tí lymphoma padà sí lára tí wọ́n sì fẹ́ gba CAR-T, ìtọ́jú tí a fi ń tún sẹ́ẹ̀lì ara aláìsàn ṣe kí ó lè bá àìsàn jà, a máa ń ka CRP, ferritin, neutrophil, platelet àti hemoglobin wọn ṣáájú, nínú òṣùwọ̀n CAR-HEMATOTOX tí ó jáde ní ọdún 2021. Ó ń sọ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò pẹ́ kí ó tó padà bọ̀ sípò, a ó sì mọ ẹni tí a ní láti máa ṣọ́ lọ́wọ́ àrùn àkóràn. Nítorí náà, sà, nígbà mìíràn kì í ṣe oògùn ni àsọtẹ́lẹ̀ ń yí padà, bí a ó ṣe dúró ti aláìsàn ni. Ó sì yẹ kí wọ́n ti ṣàlàyé ìyẹn fún yín nígbà náà.

Bàbá_Ṣeun

Mo dúpẹ́. Kò sí ẹni tí ó sọ ọ́ fún wa báyìí rí.

Àdùkẹ́_Mánsítà

Hodgkin ni tèmi, mo sì wà láàyè láti sọ ọ́, ògo ni f'Ọ́lọ́run. Mo fẹ́ kí ọmọ bàbá mọ̀ pé àwòrán lè ṣìnà. Lẹ́yìn tí mo parí kẹ́mò, wọ́n ya àwòrán ìkẹyìn, kókó tuntun kan sì dúdú ní àárín àyà mi. Òṣùwọ̀n Deauville ni wọ́n ń lò, láti 1 dé 5. Ẹ̀dọ̀ aláìsàn fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe àfiwé: ohun tí kò bá dúdú ju ẹ̀dọ̀ lọ kò kọjá 3, ohun tí ó bá dúdú jù ú lọ jẹ́ 4, èyí tí ó bá wá ga jù ú lọ fíofío, tàbí tí ó jẹ́ ibi tuntun tí ó jọ àìsàn, di 5. Wọ́n fún mi ní 5. CRP mi náà ti gòkè. Ọ̀rọ̀ ìtọ́jú líle ni wọ́n ti ń sọ, ṣùgbọ́n dókítà kan ní kí wọ́n kọ́kọ́ gé ẹran díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ni. Oṣù mẹ́fà ni mo fi lo oògùn rẹ̀, kókó náà sì wọlẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ tí ẹ ń bọ̀ láàárín ilé àti òkè òkun, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbàgbé ikọ́ ẹ̀gbẹ.

Ayàwòrán_Houston

Àdùkẹ́, ẹ kú orí ire. Òtítọ́ ni ẹ sọ, sẹ́ẹ̀lì tí ń bá àrùn jà náà ń jẹ ṣúgà. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń gbé neutrophil sókè lẹ́yìn kẹ́mò tún lè mú kí mùdùnmúdùn egungun àti ọlọ inú dúdú káàkiri. Ó yẹ kí ó tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn abẹ́rẹ́ yẹn kí a tó ya àwòrán. Lẹ́yìn kẹ́mò ìkẹyìn, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ló dára jù, bí ó bá sì jẹ́ pé wọ́n fi ìtànṣán tọ́jú ènìyàn, oṣù mẹ́ta.

Nọ́ọ̀sì_AdóÈkìtì

Ní tiwa níbí, PET jìnnà sí ọ̀pọ̀ àwọn tí à ń tọ́jú, owó rẹ̀ sì ju agbára wọn lọ. Mo ń kọ èyí kí ẹnikẹ́ni tó ń kà á ní ilé má bàa rò pé kò sí ohun tí a lè ṣe. Òṣùwọ̀n Hasenclever fún Hodgkin tí ó ti gba ara, tí ó ti wà láti ọdún 1998, nǹkan méje ló ń kà: albumin tí kò tó 40, hemoglobin tí kò tó 105, jíjẹ́ ọkùnrin, ọjọ́ orí tí ó pé 45, ìpele kẹrin, sẹ́ẹ̀lì funfun tí ó pọ̀ jù àti lymphocyte tí ó kéré jù. Albumin náà jẹ́ àmì ìwúlé, nítorí pé bí ẹ̀dọ̀ bá ti dojú kọ ṣíṣe CRP, ṣíṣe albumin a máa dín kù. Àyẹ̀wò tí kò wọ́n ni púpọ̀ nínú wọn.

Ẹ kàn máa ṣọ́ LDH. Bí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú ipá, tàbí tí ìgò náà bá pẹ́ nínú oòrùn lórí ọ̀kadà, sẹ́ẹ̀lì pupa á fọ́, LDH á sì fò sókè láìjẹ́ pé àìsàn ló gbé e. Ọmọkùnrin kan wà tí ìdílé rẹ̀ sunkún ní gbogbo òru nítorí LDH rẹ̀. Nígbà tí mo béèrè fún ìgò náà ní òwúrọ̀, omi orí ẹ̀jẹ̀ náà pupa bí omi sobo. A tún un fà, ó sì wálẹ̀ sí ìdajì. Ẹni tí ó bá jẹ́ SS náà, LDH tirẹ̀ ga láti ilé.

ỌmọBàbá_Peckham

Ẹ̀yin àgbà mi, ẹ ṣeun, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ rí àìsàn. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ méje tí mo kọ̀wé, mo sì jẹ yín ní ìròyìn.

Mo tú àpótí ìwé ìyá mi, mo sì rí èsì ẹ̀jẹ̀ bàbá ti ọdún 2016, ti ọdún 2018 àti ti ọdún 2021. Neutrophil wọn jẹ́ 1.6, 1.5 àti 1.7, lymphocyte kò sì kúrò ní àyíká 2.0. Ìyẹn ni pé ohun tí ó jẹ́ 0.8 nígbà tí ara wọn dá ti di 3.1, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin. Mo kó ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ. Dókítà náà gbà wọ́n, ó tẹ́ wọn sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó sì dákẹ́ díẹ̀. Ó béèrè bóyá bàbá ti bẹ̀rẹ̀ oògùn prednisolone kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ ọjọ́ yẹn, nítorí pé oògùn náà fúnra rẹ̀ a máa gbé neutrophil sókè, a sì máa fa lymphocyte wálẹ̀. Wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó wá sọ pé ìwúlé inú ara bàbá pọ̀ ju bí òun ti rò lọ, ó sì bá CRP 64 náà mu. Oògùn kò yí padà, R-CHOP náà ni, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ sínú fáìlì pé neutrophil 1.5 ni ti bàbá láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá kẹ́mò wọn dúró nítorí pé iye náà wà ní 1.4 ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Mo béèrè nípa MTV: ọ̀nà 4.0 ni wọ́n lò.

Wọ́n ya àwòrán kejì ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, lẹ́yìn kẹ́mò ẹlẹ́ẹ̀kejì. Deauville 2. CRP ti bọ́ sí 6. Dókítà sọ fún wa pé nǹkan bí ẹni mẹ́fà nínú mẹ́wàá ni R-CHOP máa ń wò sàn nínú irú èyí, pé àwòrán yìí fi bàbá sí apá tí ó dára, ṣùgbọ́n kẹ́mò mẹ́rin ṣì kù, kò sì sí ẹni tí yóò búra. Bàbá tẹjú mọ́ àwòrán náà títí. Gbogbo àwọn kókó ti parẹ́, ọpọlọ wọn nìkan ló ṣì dúdú níbẹ̀, àti àpòòtọ̀ wọn. Wọ́n fi ìka kan orí àwòrán náà, wọ́n sì bi dókítà bóyá ibẹ̀ náà yóò parẹ́. Nígbà tí ó dáhùn pé rárá, ibẹ̀ ni orí pípé wọn wà, wọ́n ní kí ó tẹ̀ ẹ́ síwèé fún wọn, ó sì wà lára ògiri pálọ̀ wa báyìí.

Àwòrán ìkẹyìn yóò di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn kẹ́mò ẹlẹ́ẹ̀kẹfà.

Láàbù_Mọ́kọ́lá

Ẹ bá mi kí bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da àwọn ìwé ọdún 2016 yẹn nù.